Ìgò Olú Mẹ́rìndínlógójì

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹwàá
Ìgò mẹ́rìndínlógójì la rọ olú sí lónìí. Ọjà àkọ́kọ́ tí ṣọ́ọ̀bù ńlá ìsàlẹ̀ òkè máa gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa. Òjò ṣú. Awakọ̀ ń tẹ họ́ọ̀nù, ó ní tí ọ̀nà bá fi lè yọ̀, òun ò sọ̀ kalẹ̀ mọ́ nìyẹn. Gáàsì wá tán lábẹ́ ìkòkò tí a fi ń se àwọn ìgò náà. Ìyá Ẹgbẹ́ bi mí bóyá àkókò ti pé. Mo ní ó ti pé.
Ó ku ogójì ìṣẹ́jú.

Ẹtì, 4
Ọkàn mi ò balẹ̀.

Ọjọ́rú, 9
Ṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́: ọjọ́ kọkàndínlógún ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí tà á. Inú gbogbo wa ń dùn. Ìkòkò kejì tí a máa rà la ń sọ, àti pé àwọn ọmọ ò ní sá lọ sílùú mọ́. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gbígbẹ báyìí.

Ìṣẹ́gun, 15
Ṣọ́ọ̀bù dá ìgò kan padà. Ìdérí rẹ̀ wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́.
Ọ̀gbẹ́ni Wákàtí — olùkọ́ tó kọ́ wa níṣẹ́ yìí, tí kì í gbójú kúrò lára aago — ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní: májèlé inú ìgò tí a ò sè pé àkókò ò rùn, kò korò, ṣíbí kan ti tó kí ojú èèyàn máa rí ẹnì kan ní méjì, kí ara rẹ̀ sì rọ. Mo ti ìgò náà sábẹ́ bẹ́ǹṣì kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Ọjọ́rú, 16
Mi ò jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 17
Mo pe ṣọ́ọ̀bù. Mo purọ́ pé ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ìgò ló ní àṣìṣe, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà fún wa. Irọ́ kejì nìyẹn.

Àìkú, 20
Awakọ̀ kó àwọn ìgò dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Pẹ̀lú ti abẹ́ bẹ́ǹṣì, márùndínlógójì.
Mo sáré lọ bá Ìyá Ẹgbẹ́. Ó ní òun ti yọ ọ̀kan kí ọkọ̀ tó lọ lọ́jọ́ náà, òun fi ta Màámi lọ́rẹ. Ṣebí Màámi ló fi ibi tí olú ń hù hàn wá.
Mi ò mọ bí mo ṣe gun òkè dé ilé wọn.
Màámi jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ìpéǹpéjú wọn ti wálẹ̀, ohùn wọn ń fà. Wọ́n ní àná làwọn jẹ ẹ́, ó dùn. Wọ́n tẹjú mọ́ mi títí.
“Ta ni ẹnì kejì yẹn tí ẹ jọ wá?”
Èmi nìkan ni mo wá.

Ajé, 21
Ọsibítù. Dókítà bi wá léèrè ohun tí Màámi jẹ. Ìyá Ẹgbẹ́ dúró tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo sọ gbogbo rẹ̀: gáàsì, ogójì ìṣẹ́jú, irọ́ méjèèjì. Ìyá Ẹgbẹ́ ò pariwo. Ó kàn ní, “O ò bá wulẹ̀ ní ká dúró.” Ó sì bọ́ síta.
Abẹ́rẹ́ tó lè gbà wọ́n ń bọ̀ láti ìlú ńlá. Tó bá tètè dé. Ẹ̀rọ ló ń bá wọn mí. Ojú pa dé, ọwọ́ ò gbé, ẹsẹ̀ ò gbé.
Mo bi dókítà bóyá oorun ni wọ́n ń sùn.
“Rárá o. Wọn ò kàn lè mira ni. Gbogbo ohun tí a ń sọ níbí ni wọ́n ń gbọ́.”