Àwọn Òkúta Lámídì Tí Mo Fọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ kú ilé, ẹ kú àtijọ́. Lámídì, àbíkẹ́yìn mi, ti kú. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú àwẹ̀ ni ibà pa á lórí ẹní mi, níbí ní oko Akínyẹlé. Rísíkátù, àkọ́bí mi, ló ń bá mi kọ èyí. Mo ní kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti lọ, èmi nìkan ni mò ń rin ọ̀nà oko. Ẹ rántí pé èmi a máa lọ níwájú, òun a máa gbẹ́sẹ̀ lé ojú ẹsẹ̀ mi nínú ẹrẹ̀, kó má baà yọ̀. Lámídì ní ohun tí òun ń kọ́ ní yunifásítì gan-an nìyẹn. Ó ní iná mànàmáná ń rìn nínú irin bí èrò kéékèèké, ara irin tó ń gbọ̀n ń dí wọn lọ́nà, ìyẹn ló ń mú wáyà gbóná. Àmọ́ bí irin mìíràn bá tutù gan-an, gbígbọ̀n yẹn kan náà ni yóò so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì: ti iwájú á kọjá, ilẹ̀ á tẹ̀ díẹ̀, ti ẹ̀yìn á tẹ̀ lé e. Ohunkóhun kò ní dá wọn dúró mọ́. Mo ní ṣé nítorí èyí ni mo ṣe ta màlúù? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èmi àti ìyá òun ti ṣe é tán kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n.

Òkúta dúdú kan wà tí wọ́n ń sun bí ìkòkò, tí iná ń rìn nínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó tutù tó irin. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní gbígbọ̀n kò lọ́wọ́ sí tirẹ̀. Lámídì ní ó lọ́wọ́ sí i, bí kò tiẹ̀ dá a ṣe. Ó sun oríṣi méjì, kéékèèké bí bọ́tìnì. Ó fi afẹ́fẹ́ tó wúwo sínú ọ̀kan, torí ohun tó wúwo kì í yára gbọ̀n. Bí òtútù tí ìrìn méjì-méjì ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú méjèèjì bá yàtọ̀ síra, ẹ̀rí nìyẹn. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì ló ń gbé wọn lọ nínú agolo nígbà tí ibà dá a dúró lọ́dọ̀ mi.

Ẹ mọ̀ pé nílé wa, a kì í pín ẹrù òkú láìfọ̀ ọ́. Mo fọ aṣọ rẹ̀, mo fọ bàtà, mo fọ tẹ̀súbáà. Mo ṣí agolo, mo rẹ àwọn òkúta náà sínú omi ọṣẹ dúdú láti àárọ̀ di ìrun Alásárì. Wọ́n di funfun, wọ́n ń bó bí èèpo. Rísíkátù dé, ó kígbe mọ́ mi pé omi ni ọ̀tá wọn, Lámídì kọ ọ́ sára agolo. Sára agolo! Ta ni yóò kà á fún mi?

Lọ́jọ́ kẹjọ, ọ̀gá rẹ̀ wá kí mi, ó béèrè agolo. Ojú tì mí. Mo ní n kò rí i. Mo ti wá gbọ́ pé wọ́n ń sọ ní yunifásítì pé Lámídì kò sun òkúta kankan, pé irọ́ ló pa. Èmi ni mo pa irọ́. Mo ti sin ọmọ náà. N kò lè sin orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn.

Ọlọ́hun má jẹ́ kí ẹ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Kó dá yín sí fún wa. Ẹ kí gbogbo agbo ilé Ṣakí.

Èmi àbúrò yín tí ẹ pọ̀n,
Gàníyù.

Rísíkátù, má tíì ká ìwé. Agolo wà lábẹ́ ibùsùn mi, èérún òkúta náà wà nínú rẹ̀. Gbé e lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Sọ pé bàbá yín ló fọ̀ wọ́n. Ìwọ ni àkọ́bí. Máa lọ níwájú; màá gbẹ́sẹ̀ lé ojú ẹsẹ̀ rẹ.