Lọ́yà Ilé àti Lọ́yà Marina

Qaanitah, Àdùkẹ́ mi,

Èmi ni o! Èmi gan-an tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní JSS Two ni mo yan lọ́yà fún gbogbo Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún ọ ní Abuja pé kọmití ló yàn án, sọ fún un pé bàbá ẹ ni kọmití. Ṣó o wà dáadáa? Ṣé ara le? Ẹ̀kọ́ lọ́yà tí ò ń kọ́ níbẹ̀, ṣé ó ń wọ orí? Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí i, kò ní jẹ́ kí oorun máa gbé ẹ lójú ìwé bó ṣe máa ń gbé èmi. Ìyá ẹ kí ẹ. Òrùlé ṣì ń jò níbi tó ti ń jò. Iṣẹ́ ríwáyà mọ́tò mi ní Adéníji Adélé ń lọ bó ṣe ń lọ, àwọn oníbàárà ṣì ń rò pé ẹ̀gbọ́n ẹ ni mí. Ó ti rẹ̀ mí, àmọ́ rírẹ̀ ò ní kí n má sọ bó ṣe jẹ́.

Ìwọ náà mọ àgbàlá ilé kéú, níbi tó o ti kọ́ àlífù, ibẹ̀ náà la ti ń kírun sí òkú wa lára ká tó gbé e lọ. Alhaji Múdàṣírù, tá a fi jẹ Bàbá Àdínì, ní ti bàbá ńlá òun ni, òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i. Tí ṣọ́ọ̀bù bá débẹ̀, àwọn ọmọ kéú ò ní ibòmíì, òkú wa á wá máa gba ìrun lójú títì láàárín kẹ̀kẹ́. Oṣù keje rèé tá a ti ń ṣèpàdé lórí ẹ̀. Ìdí ti ń ro mí lórí bẹ́ǹṣì.

Tẹ́lẹ̀, a ní lọ́yà tiwa, Haleem ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì. A fún un ní yàrá iwájú ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àdúgbò, a ní a ó máa sanwó fún un lóṣooṣù, ẹjọ́ wà o, ẹjọ́ ò sí o. Mo bi wọ́n nígbà yẹn pé ṣé wọ́n máa ń sanwó fún panápaná nígbà tí iná ò jó ni. Torí pé Haleem wà nítòsí, gbogbo èèyàn wá ń gbé ẹjọ́ tọ̀ ọ́ wá: ta ló da omi ìfọṣọ síwájú ilé ta, ta ló fi orúkọ ọmọ ta pe àgbò ẹ̀. Hàlímọ̀ tó ń ta bọ́tìnnì gbé ẹjọ́ ọkọ ẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan. Nígbà tá a wá ní kó kọ ìwé ìkìlọ̀ sí Bàbá Àdínì, ó kọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ ojú ìwé kan àbọ̀ ni àdúrà, torí Bàbá Àdínì ló rán an níléèwé. Nígbà tó fi máa débi tó yẹ kó ti kìlọ̀, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀.

La bá pèpàdé lẹ́yìn ìrun Alásárì. Yẹ̀kínì tó jẹ́ alága ní ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Alhaja Khairiyyah, ìyá àdúgbò, ní ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ là ń wá jàre, lọ́yà là ń wá, àjèjì tí ò jẹun Bàbá Àdínì rí ló lè wò ó lójú kó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Yẹ̀kínì ní àjèjì ọ̀hún ò mọ àwa náà rí. Alhaja ní ìyẹn gan-an ló dáa, tó bá mọ̀ wá, kò ní gbà. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Mo bá dìde, mo ní mo mọ lọ́yà kan ní Marina, mo ti ṣe wáyà mọ́tò ẹ̀ rí, mọ́tò náà ò sì tíì jó dòní. Wọ́n nawọ́. Ọwọ́ Marina pọ̀ ju ọwọ́ Haleem lọ. A ní ti Marina á lọ sí kọ́ọ̀tù, Haleem á máa bójú tó ẹjọ́ omi ìfọṣọ. Haleem fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Kó o rí ọ́fíìsì náà, Qaanitah! Èmi àti Alhaja Khairiyyah la fẹsẹ̀ rìn láti CMS débẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi káàdì kan kọ́ mi lọ́rùn, mo rò pé torí èmi ni olórí ni. Mo gbé e kọ́rùn títí délé, àwọn èèyàn ń kí mi kú oríire iṣẹ́ tuntun, mo sì ń dáhùn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n pè mí pé káàdì àlejò ni, kí n dá a padà.

Lọ́yà ní wákàtí wákàtí lòun fi ń gbowó. Mo gbójú sókè wo aago, Alhaja Khairiyyah sì ti ń kí i: ó ti béèrè ìyàwó, ó ti béèrè ọmọ, ó ti kan ìyá tó bí i. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ìkíni yìí ti ń jẹ owó. Ó ní ọmọ burúkú ni mí, òun ò lè bá ẹni tí òun ò tíì kí sọ̀rọ̀. Èmi wá sáré ro ẹjọ́ náà débi pé lọ́yà ò gbọ́ nǹkan kan, mo tún un rò láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn náà tún jẹ wákàtí.

Tó o bá rí nǹkan lọ́wọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ́, àmọ́ díẹ̀ náà ni mo ní. Kó o sì bá mi bi àwọn tíṣà yín bóyá èèyàn lè yọ orúkọ kúrò nínú ìwé ẹjọ́ lẹ́yìn tí adájọ́ ti rí i. Ọlọ́hun á jẹ́ kó o gba ìwé ẹ̀rí ẹ láìsí ìdíwọ́, á fi ẹnu ẹ dá aláìlẹ́nu láre, ojú ò ní tì ẹ́ láàárín ẹgbẹ́. Àmín.

Jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù ní Marina, wọ́n ní kí n kọ orúkọ gbogbo àwa tá à ń pe ẹjọ́ yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì rí ìwé kan ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ìbáà ṣe ti ìsọmọlórúkọ, ti yìgì, ti ìsìnkú, tí wọn ò fi orúkọ Bàbá Àdínì ṣáájú. Ọwọ́ mi ti kọ ọ́ kí orí mi tó mọ̀: nọ́ńbà kìíní, Bàbá Àdínì Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ká ní Haleem ni, á ti pariwo. Àmọ́ lọ́yà tá a mú torí pé kò mọ ẹnì kankan, kò mọ̀ pé Bàbá Àdínì yìí náà ni Alhaji Múdàṣírù tá à ń pè lẹ́jọ́. Lọ́jọ́rú ní kọ́ọ̀tù, lọ́yà Bàbá Àdínì dìde, ó ní ṣé kí bàbá yìí dúró síbí pe ara ẹ̀ lẹ́jọ́ ni, kó tún sáré lọ sọ́hùn-ún lọ jẹ́jọ́. Adájọ́ da ìwé wa nù, ó ní ká lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ti ga dé orúnkún ní àgbàlá.

Àwọn ará ilé ní akọ̀wé Marina ló ṣe é. Mi ò já wọn ní koro. Bàbá Àdínì nìkan ló dá ọwọ́ ìkọ̀wé mi mọ̀. Ó rán Ikrimah ọmọ ẹ̀ sí mi lánàá, ó ní òun dúpẹ́ pé nínú gbogbo ìjà yìí, mo ṣì ka òun sí àgbà.

Bàbá ẹ,
Tawfiq