Bàbá Òdo àti Ike Áísìkirìmù Mọ́kànlélógún

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, nítorí orí tábìlì oúnjẹ ti kún, kò sí ibi tí mo lè tẹ́ bébà sí níbẹ̀. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ikọ́ ọkọ rẹ ti lọ pátápátá? Ní tèmi, ara mi le koko, àfi orúnkún tó ń dùn mí díẹ̀ nítorí ìrìn àlọ àti àbọ̀ sí ilé ìtajà. Ìrìn yẹn gan-an ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ. Gbogbo ìgbà tí o bá pè, ohun tí mò ń sọ kò ju pé bàbá rẹ ń gbìyànjú. Mi ò purọ́ fún ọ, àmọ́ mi ò sọ tán.

Lẹ́yìn tí wọ́n parí ìtọ́jú ọ̀fun wọn ní ọsibítù, bàbá rẹ kò jẹun mọ́. Ohunkóhun tó bá kọjá lọ́fun wọn ń ta wọ́n bí iná. Wọ́n á mu omi díẹ̀, wọ́n á sì kọjú sí ògiri. Mo dín sòkòtò wọn lẹ́ẹ̀kan, mo dín in lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò sí ohun tí mo lè dín níbẹ̀ mọ́. Dókítà wọn, ọmọbìnrin kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀, gbé wọn sórí ìwọ̀n: kílò mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó ní tí wọn kò bá pé àádọ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, òun yóò la ikùn wọn, òun yóò fi rọ́bà síbẹ̀, ibẹ̀ ni oúnjẹ yóò máa gbà wọlé. Bàbá rẹ ní àwọn ò gba rọ́bà, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ ní pẹ̀lẹ́. Mo mọ̀ pé o bẹ̀ mí lórí fóònù kí n rọ̀ wọ́n láti jẹun. Mo rọ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́. Mo wọ balùwẹ̀, mo sunkún dáadáa, mo bọ́jú, mo sì sọ fún ara mi pé èmi náà ò gba kí wọ́n lọ.

Dókítà ti sọ pé ohun tútù tó kúnná bí áísìkirìmù kò ní ta wọ́n lọ́fun. Mo ra ọ̀kan. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ohun ọmọdé ni. Ìgbà yẹn ni mo rántí ẹni tí mo fẹ́. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n fi ṣe olùkọ́, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ọgọ́rin lọ́wọ́ wọn rí, títí kan ìwọ tí wọ́n bí. Ṣebí o mọ̀ pé Bàbá Òdo ni àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ń pè wọ́n. Wọ́n lè kọ oúnjẹ, àmọ́ wọn ò lè rí ohun tó ń dúró de máàkì kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Mo padà sí ilé ìtajà, mo ra oríṣi mẹ́ta, mo tò wọ́n ní ìlà sórí tábìlì, mo sì fi ìwé onílà àti bírò pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ní, "Bàbá wọn, oríṣi mọ́kànlélógún ni wọ́n ń tà níbẹ̀ yẹn. Mo fẹ́ mọ èyí tó yẹ ká máa rà." Wọ́n wo bírò náà títí. Wọ́n ní, "Nínú mélòó?" Mo ní nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní, "Báyìí kọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Fi bébà bo orúkọ wọn, kí o kọ nọ́ńbà sí wọn lára, kí ojúsàájú má bàa wọ̀ ọ́." Wọ́n tún ní ẹni tí kò bá ka ìwé ìdánwò dé òpin kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fún un ní máàkì. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú ṣinṣin. Abọ́ kékeré kan ni ìwé kan, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tán.

Ọmọ mi, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ṣokoléètì gba mọ́kàndínlọ́gọ́ta: "Ó gbọ́n, àmọ́ ó ń fọ́nnu." Kọfí gba mẹ́rìnlélógójì: "Kó múra sí iṣẹ́ rẹ̀." Alágbọn gba méjìlélọ́gọ́ta: "Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́." Èmi ni mò ń sáré lọ ra òmíràn. Obìnrin tó ń dúró ti fírísà níbẹ̀ bi mí pé ayẹyẹ wo là ń ṣe, mo ní ìdánwò ni. Ó wò mí bíi pé orí mi ti yí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo ṣe àṣìṣe. O mọ ọwọ́ mi, mi kì í ju ike nù. Ìwọ náà ti sunkún rí nígbà tí o ṣí ike áísìkirìmù nínú fírísà, tí o bá ẹja níbẹ̀. Mo ti gún ànàmọ́ funfun kúnná fún bàbá rẹ nígbà tí wọn ò tíì gbà láti jẹ ohunkóhun, mo sì fi èyí tó ṣẹ́kù pamọ́ sínú ike fanílà. Nígbà tí mò ń lẹ nọ́ńbà, mo lẹ nọ́ńbà kẹrìnlá mọ́ ọn láìṣí i. Mo bu ú fún wọn, ó funfun, ó tutù, mi ò fura. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n kọ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta: "Iṣẹ́ tó mọ́. Ó lè ṣe jù báyìí lọ." Ìgbà tí mo lá ṣíbí tí mo fi bù ú ni mo mọ̀ pé ànàmọ́ ni, iyọ̀ pàápàá wà nínú rẹ̀.

Mo padà sídìí tábìlì. Mo bi wọ́n pé, "Bàbá wọn, kí lẹ jẹ?" Wọ́n ní fanílà. Nígbà tí mo sọ ohun tó jẹ́, wọ́n gbé bírò kalẹ̀, wọn ò wo ojú mi. Wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀fun àwọn, àwọn ò mọ adùn, àwọn ò mọ kíkorò, bí ẹni ń jẹ owú ni. Mo ní kí ló dé tí ẹ wá ń máàkì? Wọ́n ní, "Ìwọ lo máa ń jókòó síbẹ̀ tí o ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ gbẹ̀yìn." Mo ṣe bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n má bàa rí omi ojú mi. Mo rò pé èmi ni mò ń tàn wọ́n láti jẹun, kò yé mi pé nítorí tèmi ni wọ́n ṣe ń gbé owú mì.

Àmọ́ mi ò gbà kó parí síbẹ̀. Mo ní tí ahọ́n yín ò bá ṣiṣẹ́, tèmi ń ṣiṣẹ́, ẹ óò fi tèmi máàkì. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò tí mo sì ń ròyìn rẹ̀ fún wọn. Àwọn náà ń máàkì bó ṣe tutù sí àti bó ṣe kúnná sí, wọ́n sì tún ń máàkì èmi. Mo ní ti máńgòrò dùn. Wọ́n ní, "Ìyá wọn, 'ó dùn' kì í ṣe ìdáhùn. Ṣàlàyé." Ogójì péré ni mo gbà. Gbogbo ọdún tí mo fi fẹ́ wọn, mi ò mọ̀ pé ohun tójú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ń rí nìyẹn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ karùn-ún pé, a lọ wọ̀n wọ́n: mọ́kàndínláàádọ́ta. Bàbá rẹ fúnra wọn ló sọ ọ́ lórí ìwọ̀n pé, "Kù díẹ̀ káàtó." Mo fi ìwé wa han dókítà. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó nu ojú, ó sì fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Tí ọ̀sẹ̀ náà bá pé tí kò sì tó, èmi ni yóò di bàbá rẹ lọ́wọ́ mú wọ ibi tí wọ́n ti ń fi rọ́bà síkùn, bàbá rẹ sì ti gbà pé àwọn ò ní jà.

Àná ló kan nọ́ńbà kẹtàdínlógún. Kí n tó mú ṣíbí tèmi, wọ́n ti fi tiwọn sẹ́nu. Ojú wọn fún pọ̀, èjìká wọn gbọ̀n. Wọ́n ní, "Ta ló kó irú èyí wọ yàrá ìdánwò? Ó kan!" Ọmọ mi, mi ò tíì tọ́ ọ wò. Mi ò tíì sọ nǹkan kan. Mo já bébà ara ike náà, mo bá orúkọ ọsàn wẹ́wẹ́ níbẹ̀. Wọ́n kọ méjìlá sínú ìwé, máàkì tó kéré jù lọ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, èmi sì ń jó yí tábìlì ká pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí. Wọ́n tún tọ́ fanílà wò, wọn ò gbọ́ adùn kankan síbẹ̀. Kò burú. Wọ́n mú bírò pupa, wọ́n fa ìlà gbọọrọ la gbogbo máàkì tó wà nínú ìwé náà já. Wọ́n ní ẹni tó máàkì wọn tẹ́lẹ̀ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo mọ́kànlélógún ni yóò tún ìdánwò ṣe láti orí ẹni àkọ́kọ́.

Nítorí náà, mò ń lọ sí ilé ìtajà tí mo bá ti pa lẹ́tà yìí dé. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ìwọ àti ọkọ rẹ, kí iṣẹ́ ọwọ́ yín máa gbèrú, kí ojú wa rí ara wa láyọ̀, kí ẹnu yín má ṣe kọ oúnjẹ láé.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, aya Bàbá Òdo.

Mo tún rántí: tí o bá ń bọ̀, ra bírò pupa méjì dání, tiwọn ti ń gbẹ. Má sì ṣí ike kankan nínú fírísà láìbi mí, ẹja ṣì wà nínú ọ̀kan. Ànàmọ́ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bàbá rẹ ní ó gbọ́dọ̀ tún ìdánwò tirẹ̀ náà ṣe.