Ìyá Àgbà Tí Kì Í Sá

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárò mi. Ìyá Àgbà tó dá ẹgbẹ́ àwa sístà ìjọ Àgùdà sílẹ̀ yà mí lẹ́nu! Wọn ò ga ju èjìká mi lọ. Lọ́sẹ̀ tí mo dé, aláìsàn kan wọlé tó ń húkọ́ ẹ̀jẹ̀, gbogbo wa sá. Àmọ́ Ìyá Àgbà gbá a mọ́ra, wọ́n sì wẹ̀ ẹ́.

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀rù ò bà yín ni?"

"Ó ń bà mí. Mi ò kàn jẹ́ kọ́wọ́ mi mọ̀ ni."

Látìgbà náà lèmi náà ti ń wẹ aláìsàn.

Ara mi le, ikọ́ díẹ̀ ni. Mo ti ní yàrá tèmi nìkan, ẹnu ọ̀nà loúnjẹ ń bá mi bí olóyè! Ìyá Àgbà nìkan ló ń wọlé, wọ́n á fọ ẹ̀yìn mi.

Ẹ bá mi kí bàbá. Kí àbúrò mi máa wọ bàtà mi tí mo fi sílẹ̀ nílé.