Ìbéèrè Ọmọ Aránṣọ

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Oògùn orúnkún tí o fi ránṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá rẹ fúnra rẹ̀ pààrọ̀ páànù tó ń jò, ó wá ń yan kiri bí ẹni tó kọ́lé alájà.

Ọmọ aránṣọ ọ̀kánkán wa ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Lánàá, ó bi mí pé tí òun bá gboyè tán, ẹ̀kọ́ wo ló kù kí òun tó di dókítà ọpọlọ bíi tìrẹ. Mo ní ojú lò ń tọ́jú. Ohun tí mò ń sọ fún gbogbo àdúgbò nìyẹn, kí wọ́n má baà pè ọ́ ní dókítà wèrè. Ọmọ náà rọra ní, “Màmá, ọmọ yín ló tọ́jú ìyá mi nígbà tí orí wọn dàrú.”

Ojú tì mí, n kò lè gbórí sókè. O bo àṣírí aránṣọ, èmi wá ń fi iṣẹ́ rẹ pamọ́ bí ẹrù olè. N kò tiẹ̀ mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn, torí n kò bi ọ́ rí.

Jọ̀ọ́, kọ bí ẹ̀kọ́ náà ṣe ń lọ ránṣẹ́ sí mi. Iwájú ilé wa ni mo ti máa kà á fún un, sókè ketekete. Ọ̀nà rẹ á máa là.

Èmi ni,
Ìyá dókítà ọpọlọ.