Ààrò Ni Baseerah Jókòó Tì

Mùtíù, àbúrò mi,

Mo ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, mi ò gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bá mi kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Orúnkún ń dùn mí.

Baseerah ọmọ ọmọ mi, tó ń kọ́ iṣẹ́ oògùn pọ̀ mọ́ ìṣàkóso òwò ní yunifásítì, ti padà sí Ẹ̀pẹ́. A ò rówó ọdún kẹta san. Ó ń bá mi yan ẹja. Lánàá ló wo ìgò oògùn mi: "Màmá, èyí ti bàjẹ́ látọdún tó kọjá, ẹ ṣì ń lò ó!" Mo sunkún, èmi tí kì í sunkún. Irú ọmọ báyìí ni èéfín ń ta lójú.

Allah á ṣọ́ ilé rẹ. Ọkọ̀ ojú omi tí mo tà kí o lè ka ìwé mẹ́wàá, san owó rẹ̀ fún Baseerah.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, Rodiat