Àyè Tí Mo Fi Sílẹ̀ Nínú Bàtà Anisah

                                        Fúláàtì Kẹsàn-án,
                                        Heronmead Close,
                                        Thamesmead,
                                        London.
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kejì, 2025.

Sọ̀fíyátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbọ́ pé ọyẹ́ mú yín gan-an ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún yìí. Má sọ ọ́ létí mi o, nítorí bí òtútù ibí bá mú ẹ fún wákàtí kan, wàá máa bẹ ọyẹ́ pé kó padà wá. Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ààwẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, Ọlọ́run á jẹ́ ká bá a láyọ̀.

Wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Falilat fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí WhatsApp wà. Kàmọ́rù, àbúrò ọkọ rẹ, ń bọ̀ nílé lọ́sẹ̀ yìí, òun ni yóò mú un wá pẹ̀lú bàtà Bíntù ọmọ rẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí mo bá ní kí n fi ẹnu sọ ọ́ sínú fóònù, ẹkún ni wàá gbọ́. Anisah kò sí nílé. Àná ni ó bá àwọn ará kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ lọ sí orí òkè ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọn yóò lò. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti papò dà, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi nìkan yóò sùn nínú ilé yìí. Mo dé láti ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ní, "Anisah, mo ti dé o," kí n tó rántí. Ilé náà dákẹ́. Ó dùn mí, Sọ̀fíyátù, ó dùn mí gan-an.

Síkì ni wọ́n lọ ṣe. Àwọn òyìnbó máa ń de pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ bàtà, wọn yóò wá máa fi yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tí yìnyín bò. Má bi mí pé ta ní ń lé wọn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kí àwọn ọmọ yá bàtà lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n èmi ni mo ní rárá, ọmọ mi kò ní ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tí gbogbo ayé ti làágùn sí. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Bí a ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin ní Abbey Wood nìyẹn, ó di ṣọ́ọ̀bù àwọn onísíkì láàárín ìgboro.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jason ni ó dá wa lóhùn, irun rẹ̀ ti funfun. Kí n tó mọ̀, ó ti kúnlẹ̀ síwájú Anisah, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà lé itan rẹ̀. Àgbàlagbà! Mo ní kó jọ̀ọ́ dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ òun nìyẹn. Ó wọn ẹsẹ̀ náà, ó gbé bàtà kan jáde tí ó le bí ike. Ó ní ó gbọ́dọ̀ di ẹsẹ̀ mú pinpin, kí ọmọ ìka kàn fara kan iwájú rẹ̀, nítorí bàtà yẹn ni yóò máa darí pákó. Èmi ní kó gbé èyí tí ó fi nọ́ńbà méjì jù ú lọ wá, ọmọ ṣì ń dàgbà. Ó ní rárá, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ náà kúkú mọ̀ mí. Ilẹ̀ ni Anisah ń wò. Èyí tí ó tóbi la gbé wálé.

Ṣé o rántí bàtà Iléyá wa? Bàbá mi a ra èyí tí yóò lo Iléyá mẹ́ta. Lọ́dún àkọ́kọ́, a ó ki bébà sí i níwájú, a ó máa wọ́ ọ lọ sí Yídì. Àfi ìwọ tí ẹsẹ̀ rẹ tóbi bí ọkọ̀ ojú omi Ẹ̀pẹ́, tí tìrẹ ti ń kún kí ọdún tó yí po.

Ṣáájú ìrìn àjò, wọ́n kó àwọn ọmọ lọ kọ́ síkì lórí òkè àtọwọ́dá kan. Pákó ń lọ sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ Anisah ń lọ sósì nínú bàtà ńlá. Ó ṣubú ṣáá, gìgísẹ̀ rẹ̀ bó. Olùkọ́ wọn pè mí pé bí bàtà náà kò bá bá a mu, òun kò ní mú un lọ, kó má baà kán lẹ́sẹ̀. Àkókò àtiyá bàtà sì ti kọjá.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ẹ. Inú mi dùn. Kí ojú tó tì mí, inú mi ti kọ́kọ́ dùn pé ọmọ mi kò ní lọ mọ́. Ìgbà tí mo dé yàrá rẹ̀, mo bá a tí ó ń kó aṣọ jáde nínú báàgì, ó ń ká wọn padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò bínú, kò sunkún. Ká ní ó bínú ni, ǹ bá fara dà á. Mo ní kó wọ bàtà rẹ̀, ká padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Jason kò sọ pé òun ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀. Ó yọ tìmùtìmù inú bàtà náà, ó ní kí Anisah ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ síwájú, ó wá ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Ìka méjì ló yẹ kó wọlé. Gbogbo ọwọ́ rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé. Ó ní kí òun wo bàtà tí ọmọ náà wọ̀ wá. Bí ó ti gbé e, tíṣù tí a ká rùbùtù já bọ́ láti iwájú rẹ̀. Anisah yára fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Mo ní, "Kí nìyẹn?"

"Mummy, it's nothing."

Nọ́ńbà márùn-ún ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà méje ni bàtà tí ó wọ̀ wá yẹn, èmi ni mo rà á fún un.

"Mo ti ń wọ five since Year Nine, Mummy. I didn't want you to feel bad. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ tí o bá ti work dé."

Sọ̀fíyátù, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹsẹ̀ ọmọ mi ti dàgbà tán, èmi ìyá rẹ̀ kò mọ̀. Ẹsẹ̀ àwọn arúgbó òyìnbó ni mò ń wẹ̀ lójoojúmọ́, tí mò ń fi ìpara pa. Mo mọ ẹsẹ̀ wọn ju ti ọmọ mi lọ. Mo sunkún níwájú Jason. Ó rọra lọ sẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná yọ́ ìda sí ìdí pákó síkì, ó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí ó padà, ó gbé bàtà mìíràn tí ó bá a mu wá, ó ti fi ooru iná mú inú rẹ̀ rọ̀. Ó ní kí èmi fúnra mi de ìdè rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dè é. Mo bi Anisah bóyá ó fún un jù, ó ní, "No, Mummy, ó dáa báyìí."

Ó pè mí lọ́sàn-án òní. Afẹ́fẹ́ ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀, ó ní bàtà náà di òun mú dáadáa, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ń pè é, ó ní ó dàbọ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, yunifásítì ni. Mo se ìrẹsì, mo tún se é fún ẹni méjì.

Bá mi kí Màmá àti gbogbo ilé. Kí o sọ fún ọkọ rẹ pé mo ń kí i. Igi ìgbálẹ̀ tí o fi wọn ẹsẹ̀ Bíntù ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi. Mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Plumstead, mo fi sínú bàtà náà kí n tó rà á, mi ò sì fi àyè kankan lé e. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí ó bá wọ̀ ọ́, kí o bi í bóyá ó bá a mu. Bí ó bá ní kò sí nǹkan kan, kí o tún bi í. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, èmi kò bi Anisah rí.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ẹ ni mo jẹ́,

Falilat